Èèpo Ẹ̀gẹ́ Ni Mo Fi Dí Kòtò Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán... èmi ni mo fa ohun tó ṣe Bàbá Mutiu, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Àbí wọ́n mọ̀? Àwa méjì là ń wa forklift, ọkọ̀ tó ń fi irin méjì gbé ẹrù, nílé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Lánlátẹ̀. Ìta gbangba la ti ń ṣiṣẹ́, kò sí sìmẹ́ńtì, òjò ti fọ ilẹ̀ lọ, gegele àti kòtò ló kù. Mánéjà ní kí n fi òkúta dí kòtò kan. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ń kánjú lọ kírun, èèpo ẹ̀gẹ́ ló sì wà nítòsí... bá a ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà oko tí ọ̀kadà ń gbà náà nìyẹn, mo bá rọ́ ọ síbẹ̀, mo da yẹ̀pẹ̀ lé e, mo tẹ̀ ẹ́, ó dán! Ṣé ọ̀kadà àti forklift wá jọra ni?

Ní Sátidé, Bàbá Mutiu gbé àpò láfún sókè gan-an, kó lè ríwájú lábẹ́ ẹ̀, dípò kó gbé e wálẹ̀ kó máa fẹ̀yìn rìn. Táyà kan rì, ọkọ̀ dojú dé, kò de bẹ́líìtì, ó bẹ́ sílẹ̀, irin sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Yéè! Mo ṣì ń gbọ́ igbe ẹ̀.

Wọ́n di ẹ̀bi ru Ràsákì mẹkáníìkì wa, tórí òun àti Bàbá Mutiu ti jà, wọ́n ní ó tú nọ́ọ̀tì táyà. Mánéjà ti lé e sílé. Mo dákẹ́. Ojú ara mi ń tì mí.

Ní Mọ́ńdè mo yọ́ lọ kó èèpo yẹn kúrò... òkúta ni mo bá níbẹ̀! Ta ló kó èèpo mi? Ìyàwó Bàbá Mutiu ń kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi? Kí ni sikiọ́ríìtì ń wo bàtà mi sí?

Wọ́n ti ní gbogbo àwa tá à ń fọwọ́ kan ọkọ̀ yóò fẹnu kan irin búra ní Tọ́sìdeè. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n irin ni mo fi ń jẹun, mi ò lè purọ́ lórí ẹ̀. Ràsákì ní ká tiẹ̀ ṣe é lónìí. Bàbá Mutiu wá ránṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, pé kí èmi nìkan má búra, òun fọkàn tán mi. Èmi nìkan! Ṣé ó fọkàn tán mi lóòótọ́, àbí ó ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́?

Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ ti lọ. Bí mo bá dákẹ́, Ràsákì ló máa rù ú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀túnla ni o... ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Tó bá sì jẹ́ Bàbá Mutiu ni, kí ni kí n sọ nígbà tó bá ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ yẹn?