Òjé Méje Tí Mo Kó Wálé

Dọ̀tun ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Hope ìyàwó rẹ, mo sì kí Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ-ọmọ mi tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ fún ogójì ọjọ́ ní Ìgàndó. Ṣé ara yín le? Ṣé ọmọ ti ń jókòó? Omi tó gbé wa ró kò ní gbé wa lọ, ọ̀nà kò ní nà yín, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń jáde láàárọ̀ lẹ máa fi wọlé lálẹ́. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jókòó kí o tó kà á, ṣùgbọ́n tètè kà á tán, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dé etí rẹ kí Sátidé tó pé.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Wọ́n ti tún afárá onípákó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, èyí tó lọ sí ọjà ló wá já báyìí. Adìyẹ dúdú tí o mọ̀ yẹn jábọ́ sódò, a sì ti jẹ ẹ́. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Èkó. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pé ọgọ́rin, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n, bí wọ́n bá gbé ife tíì, ẹní ló ń mu ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dẹ àwọ̀n sẹ́yìn ilé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè ìgbà tí ẹ máa gbé ọmọ wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e kí ọwọ́ àwọn tó gbọ̀n ju báyìí lọ.

Ní Sọ́ńdè tí o pè mí lórí fóònù, tí mo ń rí gbogbo yín nínú rẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni Hope yí fóònù sí sítíárìn ọkọ̀ rẹ tí o dì mú, o ní kí n wo bó ṣe ń gbọ̀n. Mo rò pé fóònù tèmi ló ń gbọ̀n, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò dúró, mo ní kí bàbá rẹ bá mi dì í mú, ìgbà tí ọwọ́ tiwọn bọ́ sí i ló wá burú sí i. O ní tí ọkọ̀ náà bá ń rọra lọ ní Ìkòtún kò sí nǹkan tó ń ṣe é, o ní bí o bá tẹ bíréèkì kò pọ̀ sí i, àfi tó bá wọ márosẹ̀ tó sì ti pé ọgọ́rin, ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ á máa jó lórí sítíárìn. Mo ní kí ló yani lẹ́nu nínú ìyẹn? Bàbá rẹ kò tíì pé ọgọ́rin tí tiwọn fi bẹ̀rẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní eré tó ń sá ni ọgọ́rin, kì í ṣe ọjọ́ orí. Èmi ṣá mọ̀ pé ẹni tó bá ti pé ọgọ́rin kì í sáré mọ́.

O ní o ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Raheem, mẹkáníìkì rẹ ní Ìkòtún, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pààrọ̀ irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, kò gbọ́. Ó tọ́ ẹsẹ̀ táyà méjèèjì kí wọ́n má baà ya ara wọn, kò gbọ́. Nígbà tó ṣe ó gbé kọ̀ǹpútà wá, ó fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ní ara ọkọ̀ le. Èmi kì í bá kọ̀ǹpútà jiyàn. Ní báǹkì lọ́jọ́sí, ó sọ pé ìka mi kì í ṣe ìka mi, mo sì padà sílé jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ bínú, o pe Raheem lólè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. O ní ọkùnrin kan ní Baruwa ń bọ̀ wá ra ọkọ̀ náà ní Sátidé ní owó pọ́ọ́kú, pé o kò lè gbé ọmọ ọwọ́ sínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, ó di ìgbà tí o bá ra òmíràn kí ẹ tó wá sílé. Bàbá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn lọ jókòó ti àwọ̀n wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ ná ọjà ní Igbókòdá. Nígbà tí mo ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, mo yà sí ìsọ̀ Báyọ̀dé tó ń lẹ táyà, a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá a tó ń fi òòlù kan òjé kékeré, irú èyí tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n, mọ́ etí irin táyà. Mo bi í pé ṣé òun náà ti di apẹja ni. Ó ní rárá, màmá, táyà kì í wúwo dọ́gba yíká, ibi tó bá fúyẹ́ ni àwọn ń kan òjé mọ́, tí òjé náà ò bá sí níbẹ̀, bí ọkọ̀ bá ti sáré dáadáa, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó sórí ògbólógbòó táyà kan.

Dọ̀tun, èmi ni. Ṣé o rántí Sátidé kan nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, tí o ti Ìjẹ̀gùn dé lẹ́yìn òjò, tí ẹrẹ̀ bo ọkọ̀ dé fèrèsé? O mọ̀ mí, mi ò lè rí ìdọ̀tí kí n káwọ́ gbera. Ẹ̀yin ń sùn lọ́sàn-án, mo pọn omi, mo fọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti ń fọ táyà ni mo ti rí òjé, méjì níbí, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, títí ó fi pé méje. Ta ló máa sọ fún mi pé kì í ṣe òjé? Ọmọ apẹja ni mí, aya apẹja ni mí. O ti ròyìn fún wa pé omi ojú ọ̀nà Ìjẹ̀gùn mù yín dé orúnkún, mo wá gbà lọ́kàn mi pé àwọn kan ń dẹ àwọ̀n síbẹ̀, pé o ti gun àwọ̀n ẹni ẹlẹ́ni kọjá, òjé rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọ ní táyà. Mo tilẹ̀ bá ẹni tó ni àwọ̀n náà kẹ́dùn. Mo fi imú ọ̀bẹ Hope yọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí imú ọ̀bẹ náà fi ká, kí Hope dárí jì mí, mo parọ́ fún un pé mi ò mọ̀. Mo dì í sí etí aṣọ mi, mo kó o wá fún bàbá rẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo mú ti Èkó bọ̀, òun nìkan ló dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n, wọ́n ń yin òjé Èkó fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń tẹ fóònù láti sọ fún ọ nígbà tó yọ̀ bọ́ sódò. Wọ́n bá mi mú un jáde. Wọ́n ní kí n rì í sínú ìrẹsì, ìrẹsì ò sí nílé, mo rì í sínú gaàrí, gaàrí ti wú nínú gbogbo ihò rẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà rẹ sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Mo sọ fún bàbá rẹ. Wọn ò jẹ́ kí n sọ tán tí wọ́n fi ní kí n fa àwọ̀n sókè. Wọ́n gé òjé náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà la rí, ìkeje ti bá omi lọ. Wọ́n bá yọ lára òjé tiwọn, wọ́n yọ́ ọ nínú agolo, wọ́n ń dà á sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí iyanrìn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dà á kó tó rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn dà á.

Méjèèje ló wà nínú agolo tí awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí máa fún ọ. Báyọ̀dé ní kí o má wulẹ̀ lò ó, pé ẹni tó ń wọn táyà ní Ìkòtún ní ẹ̀rọ tó máa fi hàn án ibi tó fúyẹ́, á sì kan òjé tuntun mọ́ ọn. Bàbá rẹ ní kí wọ́n kan tuntun ṣá, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá àyè fún tàwọn. Má ta ọkọ̀ náà. Lọ bá Raheem kí o bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn tí o ti bú u, kí o sọ fún un pé ìyá rẹ ló jalè.

Tí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra òjé. Fi rán awakọ̀ yìí, má fi sórí fóònù mi, omi ṣì wà nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ kí owó náà tutù. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọ̀n bàbá rẹ ti ń léfòó, ẹja ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, a ò sì rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Wọn ò bínú. Láti àná ni wọ́n ti ń gbé ìrọ̀rí kiri inú ilé, wọ́n ní àwọn ń fi kọ́ bí àwọn ṣe máa gbé ọmọ náà tí kò fi ní bọ́.

Olúwa á mú yín dé ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agnes