Bí A Ṣe Ń Gba Kọ́nà

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò mi. Ẹ ní kí n pè yín lórí fídíò, ṣùgbọ́n kámẹ́rà fóònù mi ti bàjẹ́, ni mo bá kọ lẹ́tà yìí fi rán dẹ́rẹ́bà kan tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ojòó. Ara mi le.

Mọ́tò eré ìje tí Bọ̀dá Dọ̀tun ń kọ́ mi ti ń wọ̀ mí lára. Bọ̀dá Dọ̀tun máa ń tẹ búréèkì kí wọ́n tó dé kọ́nà, wọ́n á rọra wọlé, wọ́n á wá tẹná bí wọ́n bá ń jáde. Ayọ̀kúnnúmi tí a jọ ń kọ́ ọ kì í tẹ búréèkì àfi tó bá dé àárín kọ́nà, ìdí mọ́tò rẹ̀ á sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó wuni í wò. Ó ní, "Ọmọ́fẹ́, bí ìyá àgbà tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lo ṣe ń wakọ̀." Ó dùn mí. Ní Sátidé, èmi náà gba kọ́nà bíi tirẹ̀.

Mo ti padà sí ti Bọ̀dá Dọ̀tun. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sinmi ná.

Ẹ ní bí nǹkan bá ṣe mí pẹ́nrẹ́n, ilé ni mò ń bọ̀. Nǹkan kan ò ṣe mí o. Àǹtí Àpínkẹ́ ń kẹ́ mi ní Bódìjà níbí, àwọn ló ń bá mi fọṣọ, àwọn ló ń bá mi gé iṣu.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti Tìmílẹ́hìn. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àfojúdi pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ̀wé sí yín. Mo kàn fẹ́ kọ́ ọ ni.

Ọmọ yín,
Ọmọ́fẹ́