Táǹkì Kejì àti Ẹja Bàbá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Ọjọ́ kejìlá tí mo di ìyàwó! Àní mo ń rẹ́rìn-ín sí omi aró. Ní iléeṣẹ́ aṣọ wa, èmi ni mo ń tọ́jú omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aláró kí ó tó wọ odò. Ásíìdì díẹ̀, iyẹ̀fun irin, lẹ́yìn náà pẹrọ́sáìdì, oògùn tí ń bó àwọ̀, díẹ̀díẹ̀ — omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ á di gaara. Ọ̀gá Onírùngbọ̀n ní, "Ìyàwó tuntun, omi ni kí o máa wò, ọkọ ò ní sá lọ." Ẹlẹ́rìn-ín, ọkọ mi, wà níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró, ó ń ṣẹ́jú sí mi lójú fèrèsé. Hẹn! Ta ni kò ní wò ó?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Táǹkì kejì tètè mọ́ lónìí. Ó yẹ kí n ki bébà ìdánwò bọ̀ ọ́: bí bébà bá di búlúù, pẹrọ́sáìdì ṣì kù níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jáde, torí ó ń pa ẹja. Ẹlẹ́rìn-ín ti dúró ní géètì. Mo kọ "bébà funfun" sínú ìwé. N kò ki bébà kankan bọ omi. Mo ṣí ẹnu páìpù. A sáré délé nínú òjò, bí ọmọdé méjì. Ayọ̀!

Ọjọ́rú, 5
Obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ bi mí — ṣé mo rí i pé òun ti da pẹrọ́sáìdì sí táǹkì kejì lánàá? Ó ní òun kọ ọ́ sára pátákó. N kò wo pátákó. Èmi náà sì tún da odindi kẹ́ẹ̀gì kan sí i lánàá.
Omi yẹn ti lọ. Odò yẹn ló ń wọ kòtò ẹja Bàbá, bàbá ọkọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
N kò tíì sọ. Mo bi Ẹlẹ́rìn-ín pé ẹja Bàbá ńkọ́. Ó ní, "Ṣé ẹja lo fẹ́ ni àbí èmi?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò dé ikùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Àwọn ẹja náà ti kú. Gbogbo wọn. Wọ́n yí ikùn sókè, funfun báláú lórí omi. Bàbá ń tọ́ka sí odò: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀bi iléeṣẹ́ kọ́. Bàbá ní oúnjẹ ẹja tuntun tí Ìyá, ìyá ọkọ mi, rà ló pa wọ́n. Ìyá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń bẹ Bàbá. Mo di apá Ìyá mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Bàbá kò bá Ìyá sọ̀rọ̀ mọ́. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n yẹ omi wò. Ẹlẹ́rìn-ín fọwọ́ sọ̀yà: "Ìyàwó mi ló ń dán omi yẹn wò. Ẹ fi omi sílẹ̀." Bàbá ní, "Ọmọ mi ò lè jẹ́ kí omi burúkú jáde."
Ọmọ mi! Èmi!
Bí Ẹlẹ́rìn-ín bá lé mi ńkọ́? Ọjọ́ kẹtàdínlógún péré.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo ti sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ń fọ àwo lọ́wọ́. Mo ní èmi ni, n kò dán an wò, irọ́ ni mo kọ. Kò pariwo. Ó gbé àwo sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. O dì wọ́n mú. O sì mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ti wọ bàtà. Ó ní Ìyá la ó kọ́kọ́ rí, ká tó rí Bàbá. Iléeṣẹ́ di ọ̀la. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi. Mo ní mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí ẹnu mi má bàa yẹ̀ bí mo bá débẹ̀: "Ìyá, oúnjẹ ẹja yín kọ́."