Lífù Tí Mo Fún Kaosarah Ju Ti Nasir Lọ

Irọ́ ni o! Kò sí alágbàfọ̀ tó lè lọ agbádá jù mí lọ láti Challenge títí dé Olúyọ̀lé, kí Nasir lọ jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, ìyá ẹ̀ ṣì ń nu imú fún un ni.

Fọláwùmí àbúrò mi, má bínú, inú ló ń bí mi, mi ò tíì kí ẹ. Ṣé o wà dáadáa ní Àbújá? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì yín ò tíì sọ ẹ́ di ẹja yìnyín? Màmá ń kí ẹ. Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, èmi ni bàbá ẹ, mo sì ń gbàdúrà pé àwọn tó ń rán ẹ níṣẹ́ lónìí, ìwọ lo máa rán wọn níṣẹ́ lọ́la.

Nasir yìí ṣí ilé àgbàfọ̀ sí òdìkejì títì mi, ó wá ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà. Ó ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, pé tí o bá gba èèyàn síṣẹ́, kó tó pé oṣù mẹ́ta, o gbọ́dọ̀ kọ wákàtí iṣẹ́, owó ẹ̀ àti lífù, ìyẹn ọjọ́ ìsinmi ẹ̀, sílẹ̀ fún un. Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́, ṣebí màmá wa ló tọwọ́ bọ̀wé, ló ru páálí mínírà wá, ló kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá mi. Ti Nasir, ọ̀gá ló ń tọwọ́ bọ̀wé fún ọmọṣẹ́! Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣe firídọ̀mù fún un.

Àmọ́ Kaosarah ò rẹ́rìn-ín. Òun lọmọ tó ń bá mi lọ aṣọ, ìlà ṣòkòtò tó bá lọ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́; tí ò bá sí òun, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní tí mi ò bá fún òun ní lẹ́tà, ọ̀dọ̀ Nasir lòun ń lọ ní Mọ́ńdè. Owú jó mi lára bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó wá ìwé Nasir wá kí n rí i. Lẹ́yìn odidi ọdún kan, ọjọ́ mẹ́fà péré ni lífù tó kọ síbẹ̀! Ahun. Mo kọ ọgọ́rùn-ún ọjọ́, pẹ̀lú owó oṣù. Ó kọ ọ̀sẹ̀ méjìlá fún abiyamọ, mo kọ ọ́ fún àtẹni tó bímọ àtẹni tí ò bímọ. Mo ní kò ní dúró dọdún, kó lọ nígbà tó bá wù ú. Mo buwọ́ lù ú, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ìta kí ojú Nasir lè ta.

Mọ́ńdè pé, Kaosarah kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Ọ̀gá Theo ẹ ṣeun o, òní ló wu òun. Mo rò pé ó ń lọ wo ìyá ẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, mo wo òdìkejì, Kaosarah ló ń lọ agbádá fún Nasir! Mo sáré kọjá títì, mọ́tò fẹ́ẹ̀ gbá mi. Kaosarah ní ìwé òun ò sọ ibi tí òun ti máa lo lífù. Nasir ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, pé irú ọ̀gá tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ ẹlòmíì ṣọ̀wọ́n n'Íbàdàn.

Ìwọ tó o mọ̀wé, jọ̀ọ́, fi irú ìwé tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì yín ránṣẹ́, wò ó bóyá ọ̀nà wà tí ọ̀gá fi lè gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà. Fi nǹkan díẹ̀ tì í, èmi nìkan ni mo ń fọṣọ báyìí, ọṣẹ ti tán. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o fọwọ́ ara ẹ kọ ohun tó máa pa ẹ́ lẹ́kún.

Àwọn oníbàárà ò jẹ́ n gbádùn, ọkọ ìyàwó kan ti pè nígbà mọ́kànlá nítorí agbádá ẹ̀. Mo bá kọ lẹ́tà fún ara mi, mo buwọ́ lù ú bí ọ̀gá, mo tún buwọ́ lù ú bí ọmọṣẹ́. Má wulẹ̀ pè mí o. Mo ti pa fóònù, mo wà ní lífù.

Èmi ni,
Theophilus, ọ̀gá alágbàfọ̀ Challenge