Ìwé Ìhágún Hameedah Gàníyù, Tí Èsì Eré Kàdúná Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun. Èmi, Hameedah Àbẹ̀kẹ́ Gàníyù, ọmọ Pákátà ní ìlú Ìlọrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, akẹ́kọ̀ọ́, tí mo ń gbé yàrá òkè nílé Àlájà Àsúmáù ní Peckham, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ara mi le, àfi ọ̀fìnkìn tí kò tíì fi mí sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti dé. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo kọ ọ́ sí àwọn òbí mi, tí wọ́n jẹ́ ajogún mi, àti sí ẹ̀gbọ́n mi, Habeebullah, tí mo yàn láti mú un ṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀rù. Kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Basit, tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí nílé-ẹ̀kọ́ wa, ló pín fọ́ọ̀mù yìí fún wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní Mùsùlùmí tó ní ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìkọ ìwé ìhágún. Èmi ti sun mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, àyè wà fún ẹlẹ́rìí méjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró pa pọ̀, kí wọ́n rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i, ẹni tí mo bá sì fún ní ohunkóhun nínú ìwé yìí kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni mẹ́ta péré ni mo mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó ka apá ìsàlẹ̀ yẹn, mo ti pín nǹkan fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́.

1. Gbèsè. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin láti Ràmàdáánì tó kọjá ṣì wà lọ́rùn mi. Bí mo bá kú kí n tó san án, kí Habeebullah bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo tún jẹ màmá mi ní òtítọ́ kan. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Ariwo àwọn wo nìyẹn?” Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Rédíò ni.

2. Kóòtù dúdú mi tó gùn dé orúnkún, mo fi sílẹ̀ fún Àlájà Àsúmáù, onílé mi. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kígbe láti ilé ìdáná pé, “Ọmọ Ìlọrin, ṣé o ti jẹun?” Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Mi ò tíì ráyè dáhùn rí. Lánàá, mo gbé bírò kí n pa ìpín yìí rẹ́, kí wọ́n lè bá mi jẹ́rìí. Mi ò lè ṣe é. Apá kóòtù tiwọn ti ya.

3. Ìkòkò iná mànàmáná tí mo fi ń se ìrẹsì, mo fi sílẹ̀ fún Lọ́lá tó wà ní yàrá kejì. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun. “Hameedah, you alright? Ṣé o wà okay?” Ó máa ń dúró kí n fèsì, èmi ni n kì í mọ ohun tí n óò sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ló máa ń fi gbé bàtà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó má bàa jí wa. Kò mọ̀ pé mo ti jí.

4. Ẹní ìkírun mi, fún Basit, kí ó tẹ́ ẹ sí yàrá ìkírun ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbi tí ẹní kì í ti í tó.

5. Adìyẹ mi méjì tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Pákátà, kí màmá mi mú wọn. Kí wọ́n má pa èyí tó ń tiro.

Ibí ni mo dúró sí lọ́jọ́ Àìkú. Ìyókù, òní Sátidé ni mo kọ ọ́, lórí tábìlì ìkáṣọ ní ilé ìfọṣọ kan nítòsí Peckham Rye.

6. Ìwé mẹ́rin tí mo fi kọ èsì gbogbo eré ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àdúgbò wa fún ọdún méje, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Kóyọ̀dé, tó máa ń dúró sí ẹ̀yìn pápá láti mú bọ́ọ̀lù tó bá fò jìnnà.

Kóyọ̀dé, mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Nígbà tí físà mi jáde, gbogbo èèyàn ni mo sọ fún, àfi ìwọ. Mo wá sí pápá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo kọ eré náà tán, mo ní ó dàárọ̀. Bí mo bá sọ fún ọ ni, ǹ bá má lọ.

Nínú gbogbo ọdún méje yẹn, ẹgbẹ́ wa ò borí rí nílùú ẹlòmíràn. Lónìí, wọ́n lọ sí Kàdúná. Habeebullah pè mí lórí Wọ́sáàpù láti pápá, ó ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí aṣọ mi ṣe ń yí nínú ẹ̀rọ. Nínú eré yìí, àlejò ló ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, onílé ló ń gbá kẹ́yìn. Bí àlejò bá tilẹ̀ wà níwájú, ó gbọ́dọ̀ dúró kí onílé ṣe tirẹ̀ tán. A ní mẹ́rin, wọ́n ní mẹ́ta. Ó ku ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn tí a máa lé kúrò; bí a bá mú bọ́ọ̀lù tó gbá kó tó balẹ̀, a ti borí. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fò lọ sókè réré. Habeebullah ké pé, “Kóyọ̀dé ti mú un! Hameedah, ó ti mú un!”

Èmi náà ké. Mo fò sókè láàrin àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo ń pariwo “Ó ti mú un!” Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ń wá ibi tí mo máa sá pamọ́ sí nígbà tí fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún, mo sì gbọ́ ohùn tí mi ò tíì gbọ́ láti oṣù kẹsàn-án.

“Ṣé o kọ ọ́?”

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ di òtítọ́ kí aṣọ mi tó gbẹ. Ìwé kan ṣoṣo tó wà nínú àpò mi ni fọ́ọ̀mù yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì kọ eré náà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nítorí náà, Kóyọ̀dé ló ni ẹ̀yìn ìwé yìí. Kí Habeebullah ya fọ́tò rẹ̀ fún un. Kí wọ́n má fa ìwé ya.

7. Ti àwọn ẹlẹ́rìí. Bàbá kan tó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ní, “Ọmọ mi, ta ló gbá a wọlé? Ṣé Arsenal ni?” Mo ní bésíbọ́ọ̀lù ni, sà. “Bésí kí ni?” Mo to ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin sórí tábìlì, mo fi hàn wọ́n ibi mẹ́rin tí èèyàn gbọ́dọ̀ sá yí ká kó tó délé. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìfọṣọ náà wá dúró tì wá. Bàbá na ìka sí ìkẹta. “Èyí ti lu. Kò lè sá délé.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jẹ́rìí sí ìwé ìhágún mi.

“Ìhágún kẹ̀? Ọmọdé yìí! Kí lo ní?” ni Bàbá wí.

Mo ní kóòtù, ìkòkò àti adìyẹ méjì.

“O lówó jù mí lọ nìyẹn,” ni obìnrin náà wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Àgbélébùú wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Basit ti sọ fún wa pé ẹni tó wà lórí ìrìn-àjò lè fi ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe ẹlẹ́rìí.

Mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, nítorí òfin kò gbà á.

Mo fọwọ́ sí i lójú wọn, ní Peckham, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ọdún 2026.

Hameedah Àbẹ̀kẹ́ Gàníyù

Ẹlẹ́rìí kìíní: Tàjùdéèn Ọládọ̀tun, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.
Ìgbà wo lẹ ti mọ ẹni tó kọ ìwé yìí? Láti aago méjì ọ̀sán òní.

Ẹlẹ́rìí kejì: Adéníkẹ́ Cornelius, olùtọ́jú ilé ìfọṣọ.
Ìgbà wo lẹ ti mọ ẹni tó kọ ìwé yìí? Láti oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀rọ kẹta láti ẹnu ọ̀nà ló máa ń lò. Gbogbo Sátidé ni mo ń retí kó sọ̀rọ̀.