Ojú Moréníkẹ́ Nínú Kámẹ́rà Tuntun Mi

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó gbogbo wa, ẹ kú ìrọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Ìgàndò níhìn-ín, bí ojú yín ò tilẹ̀ tó mi. Mo kí Bàbá Àgbà. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá àti ìyàwó wa, mo sì kí ọmọ tuntun tí wọ́n bí, tí mi ò tíì fojú kàn. Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì. Tiwa níhìn-ín kò fẹ́ dá mọ́. Aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ṣì ń tutù lórí okùn.

Inú ìwé ìròyìn ni ẹ máa ti bá lẹ́tà yìí pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi àti tiyín nìkan. Mo fẹ́ kí gbogbo abiyamọ tó bá lè kàwé kà á, kí wọ́n sì kà á fún èyí tí kò bá lè kà.

Ẹ rántí kámẹ́rà ńlá tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Omi òjò wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá, ó bá a nínú báàgì nílẹ̀, ó sì bà á jẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà, fóònù ni mo fi ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ẹni tó bá sì ní fóònù tirẹ̀ kì í fẹ́ sanwó fún ẹni tó ń lo fóònù. Ibẹ̀ ni mo wà tí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé gíga kan fi wá ń béèrè bóyá mo ní kámẹ́rà kékeré. Wọ́n ní fọ́tò fóònù ti sú àwọn, pé ó ń dán jù, pé irú èyí tí iná máa ń bù yẹ̀rì sójú, tí àwọn ìyá wọn ní nínú álíbọ́ọ̀mù, ló wà lóde báyìí. Mo kọ́kọ́ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹni kẹrin béèrè, mo lọ sí Ìkòtún, mo ra ọ̀kan tuntun nínú páálí.

Màmá, ẹ ò bá rí i! Kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò lọ. Mo fi sínú àpò búbà mi, kò sì hàn síta. Dúdú ni, ara rẹ̀ tutù, bátìrì rẹ̀ kò ju bisikíìtì kan lọ. Bí mo bá tẹ bọ́tìnì orí rẹ̀, lẹ́ńsì á rọra yọ jáde bí ìgbà tí ìjàpá bá yọrí. Bí mo bá tún un tẹ̀, á wọlé padà, á pajú dé. Ó yára. Bí ọmọdé bá rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rín náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀, mo ti mú un. Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára rẹ̀ ni iná rẹ̀. Ó sún mọ́ lẹ́ńsì jù, àárín wọn ò ju ìka méjì lọ, nítorí náà, bí mo bá ya ènìyàn níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ojú onítọ̀hún á pọ́n bí ata nínú fọ́tò. Ẹni tó tà á fún mi ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹyinjú ni iná náà lọ bá tó sì padà bọ̀. Ó ní fóònù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kékeré ò lè ṣe kó má ṣe é. Àwọn oníbàárà mi àgbà náà ò fojú rere wò ó. Bàbá kan tó fẹ́ ya fọ́tò ìfẹ̀yìntì béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ohun ìṣeré ọmọdé ni mo fẹ́ fi ya òun ni.

Ilé tí mò ń gbé, àwọn yàrá inú rẹ̀ dojú kọ ara wọn. Yàrá tó kọjú sí tèmi ni Ìyá Moréníkẹ́, aránṣọ ni, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, òun ló bu oúnjẹ sí abọ́ fún mi. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló fọ aṣọ mi. Ìdáwà ìlú yìí, Màmá, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ tán. Èrò pọ̀ bí omi, síbẹ̀ ènìyàn lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ kí ẹnìkan pe orúkọ rẹ̀. Moréníkẹ́, ọmọ wọn, ló ń pe tèmi nínú ilé yìí. Kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí mo ra kámẹ́rà yìí. Ẹnu rẹ̀ ò tíì gbé Àbẹ̀ní, “Àntí Béní” ló ń pè mí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, láti ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọjọ́ tí mo gbé kámẹ́rà délé, òun ni mo kọ́kọ́ yà. Òjò ṣú, iná ò sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ṣókùnkùn. Ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ funfun tuntun fún un, torí pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ìjọ wọn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo ní kó wò mí. Iná bù yẹ̀rì. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n bíi ti gbogbo ènìyàn. Ti òsì funfun. Ó ń kọ mànà bí ojú ológbò tí iná mọ́tò bá bá lójú ọ̀nà. Mo tún un yà. Bákan náà ni.

Mo gbà pé kámẹ́rà ló ní àbùkù. Mo gbé e padà sí Ìkòtún lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó tà á ya ara rẹ̀, ó ya èmi náà, ojú àwa méjèèjì pọ́n dọ́gba. Inú bí i. Ó ní kámẹ́rà òun ò ṣàìsàn, kí n lọ wo ohun tí mò ń yà dáadáa.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta mí jí. Kò ta mí jí. Ohun tí mò ń rò ni ẹnu ayé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bí wọ́n bá rí ojú ológbò lójú ọmọ nínú fọ́tò, ẹnìkan á sọ̀rọ̀ àjẹ́ sí ẹnìkejì létí, orúkọ burúkú á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ayé. Nítorí náà, mo gbé fọ́tò náà sórí fóònù mi, mo fi àwọ̀ dúdú kun ojú méjèèjì, mo fi ìmọ́lẹ̀ kékeré sí àárín wọn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi férémù sí i. Ìyá Moréníkẹ́ gbé e jó yíká ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ọmọ òun ò rẹwà tó báyìí rí nínú fọ́tò kankan. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta kọjá.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Ìṣẹ̀rí-Olófin wá ya pásípọ́ọ̀tù. Òun náà ń fi kámẹ́rà mi ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá ń ṣí àwọn fọ́tò inú rẹ̀ hàn án kó lè gbà pé ó dára. Bó ṣe kan ti Moréníkẹ́, èyí tí mi ò tíì kùn, ó di ọwọ́ mi mú. Ó béèrè pé ọmọ ta nìyẹn. Mo ní ọmọ ilé wa ni. Ó béèrè ìgbà tí mo yà á. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wá ìjókòó, ó jókòó. Ó ní òun kì í ṣe dókítà ojú o, òun ò sì fẹ́ dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n irú funfun báyẹn lè jẹ́ kókó tó ń dàgbà nínú ojú ọmọ, pé ó ń pa ọmọ, kí n má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà kọjá. Ó jáde lọ láìya pásípọ́ọ̀tù tó bá wá.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo bá Ìyá Moréníkẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo sì fi fọ́tò náà hàn án. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kámẹ́rà mi ti bàjẹ́. Nígbà tí mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ṣé ọmọ òun ni mo wá ń ṣépè fún. Ó na ọwọ́ sí fọ́tò ara ògiri, ó ní èyí ńkọ́, ṣé kì í ṣe kámẹ́rà kan náà ni, àbí ojú ọmọ òun ò dára níbẹ̀ ni?

Màmá, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Mo ní bóyá iná ò bọ́ sí i lójú dáadáa lọ́jọ́ yẹn ni. Ó ní kí n máa lọ jàre. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò jẹ́ kí Moréníkẹ́ wá sọ́dọ̀ mi mọ́.

Wòlíì ìjọ wọn ni Ọlọ́run lò. Ìyá Moréníkẹ́ gbé ọmọ náà lọ bá a fún àdúrà. Wòlíì gbàdúrà, ó wá béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbé e lọ. Nígbà tó gbọ́ pé wọn ò tíì lọ síbì kankan, ó ní òun ò ní gbàdúrà kejì títí dókítà á fi yẹ ojú ọmọ náà wò. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá Moréníkẹ́ pè é. Ojú mi báyìí ló ṣe. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, ó na bisikíìtì sí i, ọmọ náà gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá bo ti ọ̀tún, ó na òmíràn sí i. Moréníkẹ́ dúró. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni ń wá ògiri, ó ń táràrà, ó wá bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mo gbé báàgì. Wọ́n tan iná sójú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Dókítà pè é ní jẹjẹrẹ ojú. Ó ní ojú òsì náà ti lọ, kò ríran mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kíákíá kí àìsàn náà má bàa wọ ọpọlọ. Bàbá rẹ̀ béèrè pé ọmọbìnrin olójú kan, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la. Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí òun ní ọmọ lọ́la ná.

Dókítà wá béèrè ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí funfun náà. Ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní oṣù mẹ́ta àti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní èmi ni mo rí i, èmi ni mo kùn ún. Dókítà ò bá mi wí. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Moréníkẹ́ yíjú padà, ó wò mí, ó sì tún yíjú kúrò.

Wọ́n yọ ojú náà. Wọ́n ń fún un ní oògùn líle kan báyìí. Irun rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, kì í lè jẹun. Ojú ọ̀tún ṣì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e wá yẹ̀ wò lóṣooṣù. Wọn ò tíì sọ pé ó ti bọ́. Mo lọ bá dókítà ní kọ̀rọ̀, mo béèrè bóyá ojú náà ì bá má lọ ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ kọ́, pé òun ò lè sọ ti Moréníkẹ́. Ìyẹn ni mò ń bá jí, òun náà ni mò ń bá sùn.

Owó tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí yín ò ní tó ti tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Mo ń fi díẹ̀ kún owó oògùn ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ kò tíì béèrè ibi tó ti ń wá. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á dáhùn, á sì wọlé. Fọ́tò náà ò sí lára ògiri wọn mọ́.

Ẹ sọ fún ìyàwó wa kó wá ẹni tó ní kámẹ́rà oníná, kí wọ́n ya ọmọ náà nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ojú kan bá pọ́n, tí èkejì bá funfun, kó má dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Kó jẹ́ dókítà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ayàfọ́tò.

Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Moréníkẹ́. Ó ń ránṣọ, kò gbórí sókè. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó wá ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun bi mí léèrè, mo sì purọ́ fún òun. Mo ti kọ ọ́, Màmá. Bí ẹ bá pè mí, ẹ má sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ bá mi fi Moréníkẹ́ sínú àdúrà.

Kí Olúwa fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. Kó má jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa bo ohun tí ó yẹ ká rí. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi fẹnu ko ọmọ tuntun lórí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀ní