Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì Í Gbà

Àlàrùbá, 14 oṣù Karùn-ún 2025

Ògbẹ́ni Kẹ̀kẹ́ ti lọ. Mo fi mọ́tò gbé e dé eápọ́ọ̀tù, òun àti kẹ̀kẹ́ tó tú palẹ̀ sínú páálí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, injiníà gidi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ọlidé.

Kì í ṣe èmi ni mo ní kí ọkọ mi lọ sí Faransé o. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí mọ́tò ti gbá a nítòsí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Greenspoint, nínú ìlú òyìnbó tí à ń gbé, tí wọ́n fi irin so egungun itan rẹ̀, mo ti búra pé Shamsudeen kò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́ níbi tí mọ́tò bá wà. Ó wá lọ wá ibi tí mọ́tò kò sí! Ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni. Wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó gba inú oko láti abúlé dé abúlé. Wọ́n ri òpó mọ́ gbogbo oríta kí ọkọ̀ má baà wọlé. Mo wo fídíò rẹ̀ tán, mo ní ó dáa. Ọjọ́ mẹ́wàá péré.

Ilé ti pa rọ́rọ́.

Jímọ̀, 16

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ló pè, àwọn ọmọ daycare mi ń sùn, mo ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó ní igi ló bo ọ̀nà láti òkè, ó ní màlúù ń wo òun bí ẹni wo wèrè, ó ní òkúta ń ró lábẹ́ táyà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ gúgúrú. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn, mi ò ní purọ́.

Ó ti pe Ìyá ní Ìlọrin láàárọ̀. Kò sí àárọ̀ tí kì í pe ìyá rẹ̀. Èmi náà pè wọ́n. Wọ́n ní, "Kí ló ń wá nínú igbó òyìnbó? Ṣé kò sí igbó ní Kwara ni?" A rẹ́rìn-ín títí.

Sátidé, 17

Ìyá ti lọ.

Innaa lillaahi. Wọ́n kírun Àsùbá tán, wọn ò dìde lórí ẹní mọ́. Àárọ̀ kùtù níbí ni Bàbá Òfin pè mí — Abdulrasheed, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ pé ohun tó bá ti sọ, òfin ni. Ó ní wọ́n ń lọ sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún Shamsu. "Ẹni tó wà lórí ìrìn, lórí kẹ̀kẹ́, láàárín igbó. Ṣé o fẹ́ kó ṣubú ni? Jẹ́ kó délé ná."

Mi ò fẹ́ kó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, itan rẹ̀ ò pé. Ta ni yóò gbé e ńlẹ̀?

Ìyá tó wá gbé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún méjì gbáko nígbà tí mo bí Mutmainah. Ìyá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ mí. Mo sunkún nínú mọ́tò, mo sunkún nínú bátírúùmù. Nígbà tí Shamsu pè, ó ní fóònù Ìyá ò lọ. Mo ní wọ́n ní ó bọ́ sómi. Irọ́ yẹn yọ lẹ́nu mi bí ọṣẹ.

Àláàdì, 18

Mo ti dí gbogbo ihò. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run. Lónìí, èèyàn ni mo bẹ̀.

Juwairiyyah, akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin mọ́sáláṣí wa, ti tẹ ìkéde ikú Ìyá tán, ó kù kó tẹ send. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ fún un níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó ní, "Ah, Hàwáù, ìyá èèyàn nù! A ò ní kí wọn ni?" Mo ní kó ṣàánú mi. Ó gbà. Lẹ́mọ́mù gbà pé àwọn ò ní ké e síta. Bíyìí, tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́, ti gbọ́ láti Ìlọrin, òun náà gbà, ó ní, "No wahala, my mouth is sealed." Bàbá Òfin ní òun ti kìlọ̀ fún gbogbo agbo ilé. Kò sí ẹni tó máa pè é.

Ọkọ mi pè lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní òkè ni òun gùn. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan tuntun nílé?" Mo ní kò sí. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo bú u pé ó ti dàgbà jù fún òkè. Kò béèrè Ìyá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Àtìní, 19

Mo bomi tutù sójú kí n tó gbé fóònù. Kò béèrè Ìyá.

Àtàlátà, 20

Mutmainah wá láti yunifásítì rẹ̀ ní Third Ward. Ìjà. Ó ní, "Mummy, it's his mom. Ẹ ò lè pinnu fún Daddy." Mo ní ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí. Ó ní, "Grandma máa bínú sí yín gan-an." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo lé e síta, mo tún sáré tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò, mo gbé ìrẹsì lé e lọ́wọ́. Ó gbà á. Kò wojú mi.

Mo mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ta ni ò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, orí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ni mò ń rí i sí, kẹ̀kẹ́ lé e lórí, kò sí ẹnì kankan. Ohun tí mo torí ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀nà náà ló wá ń dẹ́rù bà mí báyìí. Mọ́tò kò sí níbẹ̀. Áḿbúláǹsì ńkọ́?

Àlàrùbá, 21

Ó pè. Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé kò sí nǹkan kan?" Mo ní, "Kí ló lè wà?"

Ó ní òun gba inú ihò òkè kan tí rélùwéè ń gbà láyé ọjọ́un. Ó ṣókùnkùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó dúró. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Mo kàn dúró ni."

Ẹ̀rù bà mí. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ sùn lọ́jọ́ Jímọ̀, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi fojú sí i lára. Obìnrin tó gbé e ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Faransé. Mo ń pariwo "husband, bicycle," bí ẹni ń polówó. Ìtìjú mú mi, mo gé e.

Àlàmísì, 22

Kò pè.

Mo pè. Ó ń ró, kò gbé e. Mo tún pè. Lórí máàpù fóònù mi, àmì rẹ̀ wà lójú kan láti àárọ̀. Mo gbé ìgò wàrà ọmọ kan fún ọmọ mìíràn, ọpẹ́lọpẹ́ olùrànlọ́wọ́ mi tó já a gbà. Mo ti para mi láyò. Mo ti pa ọkọ mi. Yáà Allah, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ bí mo ṣe ń rò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú: "Ó rẹ̀ mí." Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Bó bá di ọ̀la, màá sọ fún un. Kí Bàbá Òfin wá bẹ́ mi lórí.

Jímọ̀, 23

Mo pè é kí àwọn ọmọ tó dé. Mo ní, "Bàbá Mutmainah, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Ó ní, "Mo ti ń retí ẹ láti Sunday."

Ó mọ̀. Láàárọ̀ Àláàdì ni ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ síléèwé gbé fọ́tò sàréè Ìyá sórí status. Ó ní òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí oòrùn fi yí. Ó wá ń retí. Ó ní òun rò pé ẹ̀gbọ́n òun ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ ni. Kò pè. Lẹ́mọ́mù ò pè. Bíyìí fi ẹ̀fẹ̀ bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. "Mo ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe fún èèyàn. Ìyá mi kú, ẹnì kan ò kí mi." Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń fún mi láyè, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Pé èmi ni. Pé mo bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má kí i.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan kọjá lórí òkúta, tó ní "Bonjour," tí ọkọ mi sì dá a lóhùn. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ yẹn? Àwọn tí mi ò mọ̀ rí nìkan ló ń kí mi láti ọjọ́ yẹn."

Mo wá kí i. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì daycare, láàárín ọmọláńgidi àti búlọ́ọ̀kù ìṣeré, mo ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Ìyá. Ọlọ́run á fi Alujánnà kẹ́ wọn."

Ó ní, "Àmín." Ohùn tó fi ń dá àwọn ará ọ́fíìsì lóhùn ló fi dá mi lóhùn. Ó ní ọ̀nà ṣì jìn, òun ní láti máa lọ.